UNILAG, LASU, Caleb tàbí NIJ: Níbo ni kí ọmọ Ìkòròdú ti kọ́ iṣẹ́ akọ̀ròyìn?

Bí èsì WAEC bá ti jáde báyìí, mo ti mọ̀ pé àlejò ń bọ̀ nílé mi ní Agric, ní Ìkòròdú níbí. Ìyá kan á mú ọmọ rẹ̀ dání, á ní, "Bọ̀dá, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ó ní Mass Comm lòun fẹ́ ṣe, a ò sì mọ ilé ẹ̀kọ́ tí à bá mú." Ọmọ á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa wo fóònù. Olóòtú ni mí nídìí iṣẹ́ ìròyìn, àwọn ọmọ tó ń wá ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe níbi iṣẹ́, lọ́dọ̀ wa sì ń ti oríṣiríṣi ilé ẹ̀kọ́ wá, torí náà mo máa ń rí ohun tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ àti ohun tí wọn ò kọ́. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ìyá wọ̀nyí ni mo fẹ́ sọ fún yín níbí.

Ìbéèrè tí òbí máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Èwo ló lórúkọ jù nínú wọn?" Èmi kì í ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tèmi ni pé: kí ọmọ yìí tó jáde, ìròyìn mélòó ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí ẹni tó mọ iṣẹ́ á yẹ̀ ẹ́ wò, tí á fi bírò pupa sí i, tí á ní kó lọ tún un ṣe, tí wọ́n á sì wá gbé e jáde fún aráyé kà tàbí gbọ́? Gbogbo ohun yòókù, ẹ̀yìn èyí ló ń tẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ọmọbìnrin kan wá ṣe IT lọ́dọ̀ wa, ó ti lo ọdún mẹ́ta ní yunifásítì. Mo rán an lọ sí ọjà Sábó kó lọ wo bí oúnjẹ ṣe wọ́n sí. Ó kọ ojú ewé kan wá, gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dán. Ó kọ ọ́ pé àwọn oníṣòwò kan ní ọjà ti wọ́n. Mo bi í pé, "Oníṣòwò wo? Kí ló ń tà? Èló ló ń tà á lóṣù tó kọjá?" Ó dorí kodò. Láti ọdún mẹ́ta, kò sí ẹni tó bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní kó padà sí Sábó. Nígbà tó máa di aago mẹ́rin, ó ti dé, ó ti làágùn, ó sì ti kọ orúkọ ìyá kan tó ń ta tòmátì sínú ìwé, pẹ̀lú iye tí ìyá náà ra apẹ̀rẹ̀ kan ní Mile 12, iye tó san fún ọkọ̀ dé Ìkòròdú, àti iye tó bàjẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀ kó tó délé. Ìròyìn nìyẹn. Ọ̀sán kan péré ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kó ti kọ́ ọ lọ́dún kìíní.

Àwa ará Ìkòròdú mọ ohun tí àìwádìí ọ̀rọ̀ lè fà ju ará ibòmíì lọ. Lọ́dún 2017, nígbà tí ẹ̀rù àwọn apànìyàn tí wọ́n ń pè ní Badoo ń ba gbogbo wa, àhesọ ń fò láti fóònù dé fóònù, àwọn èrò sì dáná sun àlejò tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ ní Odógunyàn. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ lọ síbi tí wọ́n á ti kọ́ ọ láti béèrè pé "ta ló rí i?" kó tó kọ ohunkóhun.

Yàtọ̀ sí èyí, nǹkan mẹ́rin ni ẹ máa fi wọn ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Owó ni àkọ́kọ́, kì í sì í ṣe owó ilé ẹ̀kọ́ nìkan: ẹ ka owó ibùgbé, owó ọkọ̀, kọ̀ǹpútà alágbèéká àti dátà mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni ọdún tí ọmọ máa lò ní tòótọ́, nítorí ìyanṣẹ́lódì. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n máa fún un àti ilẹ̀kùn tó lè ṣí náà wà níbẹ̀. Èyí tí àwọn ará Lẹ́kí kì í rò, tí àwa gbọ́dọ̀ rò, ni ọ̀nà. Ẹni tó bá ti Ìkòròdú jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́rin, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mile 12 ń gbé e mì, ìgbà wo ló fẹ́ jókòó kọ ìròyìn?

Nǹkan méjì kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù JAMB. Lítíréṣọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n lè béèrè fún kọ́ọ̀sì yìí, ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń gbàgbé. Ọmọ tó wà ní kíláàsì kọmáṣà, tí kò ka Lítíréṣọ̀ rí, máa ń jí sí i nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Ẹ wo ohun tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń béèrè lórí IBASS, ojú òpó JAMB tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí, nígbà tí ọmọ ṣì wà ní SS1. Èkejì ni pé orúkọ kọ́ọ̀sì ti ń yí padà. Àjọ NUC, tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, ti pín Mass Communication sí ọ̀nà méje: iṣẹ́ akọ̀ròyìn dá dúró lórúkọ Journalism and Media Studies, Broadcasting dá dúró, ìpolówó ọjà dá dúró, Public Relations náà dá dúró, àwọn mẹ́ta yòókù sì wà níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kan lè ti pín in, òmíì lè ṣì máa pè é ní Mass Communication. Nítorí náà, orúkọ tó wà nínú ìwé JAMB lọ́dún tí ẹ fẹ́ wọlé gan-an ni kí ẹ mú.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

UNILAG, yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ni gbogbo ènìyàn ń dárúkọ, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Láti 1966 ni wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní Àkọkà. Yunifásítì Nsukka nìkan ló ṣáájú wọn pẹ̀lú ẹ̀ka ìròyìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961. Ẹ̀ka náà ní ìwé ìròyìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi kọ́ṣẹ́, Unilag Sun, yunifásítì sì ní rédíò tirẹ̀, UNILAG FM 103.1. Ẹ rí i pé èyí dáhùn ìbéèrè mi àkọ́kọ́, bí ọmọ bá fẹ́ lò ó. Mo sọ pé bí ó bá fẹ́, nítorí mo ti rí ọmọ tó jáde níbẹ̀ tí kò ya ilé rédíò náà rí. Àǹfààní tó tún wà ni pé Yábà, Ìkẹjà àti Erékùṣù, níbi tí ilé iṣẹ́ ìròyìn pọ̀ sí, kò jìnnà sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ ṣiṣẹ́ nírọ̀lẹ́ kó sì padà.

Wàhálà rẹ̀ ni àtiwọlé. UNILAG gbọ́dọ̀ jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ yàn ní JAMB, wọn kì í sì í wo ẹni tí máàkì rẹ̀ kò tó 200 nínú 400. Tọ́mọ bá sì ní 200 gééré, kó má retí pé Mass Communication máa rọrùn fún òun. Owó rẹ̀ náà kì í ṣe ti àtijọ́ mọ́. Títí di 2023, ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógún náírà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń san. Lọ́dún náà, ó kọjá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Síbẹ̀, ó ṣì kéré gan-an sí ti aládàáni. Ìyanṣẹ́lódì sì ni ìbànújẹ́ ibẹ̀. Lọ́dún 2022 nìkan, oṣù mẹ́jọ ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi yanṣẹ́ lódì.

Ọ̀nà ńkọ́? Ọkọ̀ BRT tó dé Ìkòròdú ní 2015 ti mú un rọrùn díẹ̀. Ẹ lè wọ̀ ọ́ ní gáréèjì, kí ẹ bọ́ sílẹ̀ nítòsí Yábà, kí ẹ sì gba ibẹ̀ wọ Àkọkà. Ó ṣe é lọ, ó ṣe é bọ̀, àmọ́ bí owó bá wà, kí ọmọ gbé hostẹ́lì lọ́dún kìíní. Bí kò bá rí hostẹ́lì, yàrá ní Bàrígà tàbí Ṣómólú.

LASU, yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ọ̀jọ́ ni mo rò pé àwọn ará Ìkòròdú kì í fún ní ojú tó yẹ. Alhaji Lateef Jakande, tó jẹ́ oníròyìn kó tó di gómìnà, ni ìjọba rẹ̀ dá a sílẹ̀ ní 1983. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ odidi fún ìbánisọ̀rọ̀, ó sì ní rédíò, LASU Radio 95.7 FM. Àwọn tó ń ti ibẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi sábà máa ń mọ bí wọ́n ṣe ń gé ohùn lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì lè sọ̀rọ̀ sí ẹ̀rọ láìgbọ̀n. Mi ò sọ pé gbogbo wọn.

Ìdúróṣinṣin ni ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀. Nígbà tí àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tì pa fún oṣù mẹ́jọ ní 2022, LASU ń kàwé lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà ní ipele kejì nígbà náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jáde ní girama, tó wà ní yunifásítì àpapọ̀, ń ta rìṣáájì káàdì ní Ògólóńtò. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń sọ pé òun ò ní gbàgbé ọdún náà. Ní ti owó, LASU náà ti rí tirẹ̀: ìjọba gbé owó náà ga ní 2011 débi pé kọ́ọ̀sì tó rọjú jù kọjá ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́wàá náírà, ariwo sọ, wọ́n sì dá a padà sí ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní 2014. Ó ti gòkè lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ béèrè ti ọdún yìí lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó jáde lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn.

Ọ̀nà ló burú. Láti Ìkòròdú, Mile 12, Kétu, Ọ̀jọ́ta, Òṣòdì, Mile 2, kí ẹ tó bọ́ sí títì Badagry. Kò sí ẹni tó lè máa ti ilé lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹ bá yan LASU, ẹ ti yan owó ilé nìyẹn. Fún ará Badagry, ọ̀rọ̀ yí padà: LASU wà lójú ọ̀nà wọn, mi ò sì rí ìdí tí wọn ò fi ní fi í ṣe àkọ́kọ́. LASU ní ọgbà ju ẹyọ kan lọ, nítorí náà kí ẹ tó san owó yàrá, ẹ béèrè ọgbà tí ọmọ yín á ti máa gba ẹ̀kọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó kan ilé ẹ̀kọ́ ìjọba méjèèjì yìí: NELFUND. Láti 2024 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó láìsí èlé. Wọ́n á san owó ilé ẹ̀kọ́ tààrà fún ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì lè fún ọmọ ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà lóṣù fún ìgbọ́bùkátà. Gbèsè ni o, àwọn ọmọ á san án padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sìnrú ìlú tán, tí wọ́n sì ti ríṣẹ́. Ṣùgbọ́n fún ìyá tó ń ta ẹja ní Ẹ̀bútẹ́, ó lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín kí ọmọ lọ àti kí ọmọ jókòó sílé. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kò sí nínú rẹ̀.

Èyí ló gbé wa dé Caleb, yunifásítì aládàáni. Ìmọ̀tà ló wà, láàárín wa níbí, láti 2007. Ará Ẹ̀pẹ́ pàápàá lè gba Ìtòikin débẹ̀. Wọ́n ń kọ́ Mass Communication, ìyanṣẹ́lódì kò sí, ọdún mẹ́rin ni ọdún mẹ́rin. Akẹ́kọ̀ọ́ kò pọ̀ bí ti UNILAG, nítorí náà olùkọ́ lè mọ orúkọ ọmọ yín, kó sì ka ohun tó kọ. Mo mọ ohun tí ìyẹn jọ. Níbi tí èmi ti kàwé, tí mi ò ní dárúkọ, àádọ́rùn-ún lé ni a jẹ́ ní kíláàsì, kámẹ́rà kan ṣoṣo ló wà, ó sì bàjẹ́. Olùkọ́ wa ya kámẹ́rà sójú pátákó, ó ń fi ọ̀pá tọ́ka pé, "Ibí ni bọ́tìnì wà." Ọdún kejì tí mo dé ibi iṣẹ́ ni mo tó fọwọ́ kan bọ́tìnì náà. Ó dùn mí títí dòní.

Nítorí náà, bí ẹ bá lọ wo ilé ẹ̀kọ́ aládàáni èyíkéyìí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọgbà tó mọ́ tónítóní ràn yín lójú. Ẹ ní kí wọ́n mú yín dé sítúdíò. Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ ipele kẹta kan, kì í ṣe olùkọ́, pé ìgbà wo ló lo kámẹ́rà kẹ́yìn. Ẹ béèrè ìwé tí NUC fi fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì náà gan-an, kì í ṣe ti yunifásítì lápapọ̀. Owó rẹ̀ á ju ti LASU lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, ọdún mẹ́rin ni ẹ ó sì fi san án. Bí ẹ bá máa ta ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó lè san ti ọdún kìíní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí ọmọ tó dúró ní ipele kẹta nítorí owó, ìbànújẹ́ náà kò ṣe é fẹnu sọ.

NIJ (Nigerian Institute of Journalism), ní Ọ̀gbà, yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ ìròyìn, ẹgbẹ́ àwọn olóòtú àti NUJ, ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn, ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe yunifásítì: ND àti HND, ìwé ẹ̀rí irú ti pólítẹ́kíníìkì, ni wọ́n ń fún ènìyàn. Àwọn tó ń kọ́ni níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ti jókòó ní yàrá ìròyìn rí. Bí mo bá ní ká fi ìbéèrè àkọ́kọ́ mi nìkan ṣe é, NIJ ni ǹ bá mú. Akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ tó bá wá sọ́dọ̀ mi kì í béèrè ohun tí ìlà àkọ́kọ́ ìròyìn jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa. ND jẹ́ ọdún méjì, ọdún kan fún IT, HND ọdún méjì, gbogbo rẹ̀ ọdún márùn-ún. Iṣẹ́ ìjọba kan ṣì máa ń fi HND sẹ́yìn digiri, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe másításì lè ní láti kọ́kọ́ gba PGD. Ilé iṣẹ́ ìròyìn kò bìkítà. A máa ń wo ohun tí ènìyàn kọ. Láti Ìkòròdú, Ọ̀jọ́ta lẹ máa bọ́ sí, kí ẹ wọ ọkọ̀ míì. Ó nira, ó ṣe é ṣe. Àǹfààní ńlá kan tí mo rí ni pé ọdún IT yẹn jẹ́ odidi ọdún kan nínú yàrá ìròyìn. Ọmọ tó bá lò ó dáadáa ti ní orúkọ lórí ìròyìn tó pọ̀ kí ó tó padà fún HND.

LASUSTECH ní Odógunyàn, tó jẹ́ LASPOTECH títí di 2022, ni ìyá mélòó kan máa ń bi mí nípa rẹ̀ torí pé ọmọ á máa ti ilé lọ. Yunifásítì ọ̀dọ́ ni. Ẹ wo IBASS bóyá kọ́ọ̀sì tí ẹ fẹ́ wà níbẹ̀ lọ́dún tí ẹ fẹ́ wọlé, kí ẹ sì fi ìbéèrè mi kàn án. Owó ọkọ̀ tí ẹ ò ní san lè ra kámẹ́rà kékeré kan àti dátà.

NOUN, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí ènìyàn ń ti ilé kà, wà fún ẹni tó ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Kò béèrè UTME, ìdánwò JAMB, ẹ lè kàwé nílé. Kò sí ẹni tó máa dúró lé yín lórí nípa ìròyìn kíkọ, nítorí náà mi ò ní kí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń ka ìròyìn ní rédíò fún ọdún márùn-ún láìní digiri, ibẹ̀ ló yẹ ẹ́.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹlòmíì kò tilẹ̀ nílò Mass Communication. Dele Giwa, tó wà lára àwọn tó dá Newswatch sílẹ̀, tí wọ́n fi bọ́ǹbù pa ní October 19, 1986, Gẹ̀ẹ́sì ló kà ní Brooklyn College. Ọmọ tó bá fẹ́ràn ìṣirò, tó ka Economics, tó sì ń kọ ìròyìn fún ìwé ìròyìn ọgbà, á lè ka ìwé ìnáwó ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòròdú kó sì rí ohun tí ẹni tó ka Mass Comm ò ní rí. Ìròyìn kò wọ́n níbí: ilé iṣẹ́ iná Egbin tó lè pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320 wà ní Ìjẹdè, ilé iṣẹ́ ìrẹsì wà ní Ìmọ̀tà, àwọn tó ń wa iyanrìn wà ní Báyékù. Ẹni tó mọ òfin, tó mọ ìṣirò tàbí ìmọ̀ iná mànàmáná ni gbogbo wọn ń dúró dè. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ wá olóòtú fúnra rẹ̀, nítorí kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó máa bá a wá a.

Bí mo ṣe ń pín in fún àwọn tó ń wá sílé mi nìyí. Ọmọ tí máàkì rẹ̀ ga dáadáa, tó ní Lítíréṣọ̀, tó sì lè fara da ìyanṣẹ́lódì: UNILAG. Ọmọ tó fẹ́ ṣe rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n, tó fẹ́ jáde lákòókò, tí òbí rẹ̀ lè gba yàrá fún un ní Ọ̀jọ́: LASU, pàápàá bí máàkì UNILAG kò bá tó. Òbí tówó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin gbáko, tó fẹ́ kí ọmọ wà nítòsí: Caleb, lẹ́yìn tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí sítúdíò. Ẹni tó dá lójú pé iṣẹ́ ìwé ìròyìn gan-an lòun fẹ́, tí kò ní lọ́kàn láti ṣe iṣẹ́ ìjọba: NIJ. Ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́: NOUN. Ọmọ tó mọ ìṣirò tàbí òfin jù: kó ka ohun tó mọ̀, kó sì máa kọ̀wé.

Bí ẹ bá sì ti yan UNILAG ní JAMB tí máàkì kò wá tó, ẹ má jókòó sílé ní ìrètí. JAMB gba ènìyàn láyè láti pààrọ̀ ilé ẹ̀kọ́, owó ni wọ́n ń gbà fún un. Ibùdó CBT tí JAMB fọwọ́ sí ni kí ẹ ti ṣe é, kì í ṣe lọ́dọ̀ ẹni tó gbé kọ̀ǹpútà sábẹ́ agboòrùn, kí ẹ sì gba ìwé tuntun náà lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.